Kí ẹ tó ta ilẹ̀ nítorí abẹ́rẹ́ ìgbàgbé, ẹ tú àpò oògùn Màmá

Ìbéèrè

Ẹ̀gbọ́n apòògùn, ìyá wa ti di ẹni ọdún 76. Ìdíkàn ni wọ́n ti ń ta èlùbọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti wọ ilé ọkọ. Láti nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, wọn a máa béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní oṣù tó kọjá, wọ́n fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n sì bínú pé a kò jẹ oúnjẹ àwọn. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin tó wà ní Amẹ́ríkà ní oògùn tuntun ti jáde, lecanemab ni wọ́n ń pè é, ó sì fẹ́ kí a ta ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Àkóbọ̀ kí Màmá lè lọ gbà á lọ́hùn-ún. Àbúrò mi obìnrin ní ìsọyè ni ká wá lọ. Ní tèmi, mo rò pé arán lásán ni, pé ogbó ló dé. A kò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ta ló tọ̀nà nínú wa?

* * *

Èsì

Ọ̀rọ̀ tiyín ni n óò kọ́kọ́ mú, àbúrò mi, nítorí pé òun náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ti dá sí i kí n tó dé ń sọ: pé bí orí bá ti ń funfun, iyè náà a máa lọ, kò sì sí ẹni tí í bá ogbó jà. Mi ò fara mọ́ ọn rárá, ẹ̀rí tí mo sì ní kò ti òkè òkun wá, àdúgbò Màmá yín gan-an ló ti wá.

Ní ọdún 1992, àwọn oníṣègùn láti Yunifásítì Ìbàdàn àti UCH, tí olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun wà lára àwọn aṣáájú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ojúlé kan sí òmíràn ní Ìdíkàn. Àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè ni wọ́n ń wá, wọ́n ń bá wọn sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, wọ́n sì ń dán ìrántí wọn wò. Ní àkókò kan náà, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Èsì tó jáde ní 1995 ni pé nínú àgbàlagbà 100 ní Ìbàdàn, àwọn tí àrùn ìgbàgbé ń ṣe kò ju 2 lọ púpọ̀, nígbà tí ti Indianapolis lé ní 8. Wọ́n tún tẹ̀ lé àwọn àgbàlagbà náà fún ọdún mélòó kan sí i, èyí tó jáde ní 2001 sì fi hàn pé àwọn tí àrùn Alzheimer, èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn àrùn ìgbàgbé, ń mú lọ́dọọdún jẹ́ 1.15 nínú 100 ní Ìbàdàn, ó sì jẹ́ 2.52 ní Indianapolis.

Bó bá jẹ́ pé ogbó lásán ló ń fa ìgbàgbé bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí nǹkan bí 98 nínú 100 àwọn ìyá àti bàbá Ìdíkàn wọ̀nyẹn fi mọ ọmọ tí wọ́n bí àti iye tí wọ́n fi ra gààrí? Ọ̀rọ̀ "arán" tí à ń lò yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ ẹbí jókòó ti àìsàn tí à bá yẹ̀ wò. Oníṣòwò tó gbàgbé orúkọ oníbàárà, tó wá rántí rẹ̀ nígbà tó ń lọ sílé, mi ò ní bẹ̀rù nítorí tirẹ̀. Ẹni tó ti ta èlùbọ́ fún ogójì ọdún tí kò mọ ṣéńjì ẹgbẹ̀rún kan náírà mọ́, ohun kan ń ṣe é, ohun náà sì ní orúkọ.

* * *

Ó yẹ kí n dá ẹ̀gbọ́n yín lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí pé kò parọ́. Oògùn náà wà.

Ní 1906, dókítà ará Jámánì kan, Alois Alzheimer, ṣàlàyé ohun tó rí nínú ọpọlọ obìnrin kan tí ìgbàgbé ti bà jẹ́ kó tó kú: ìdọ̀tí purotéènì kan tó dì sí àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì, àti òmíràn tó lọ́ mọ́ra bí òwú inú àwọn sẹ́ẹ̀lì náà. Èyí àkọ́kọ́ là ń pè ní amyloid lónìí, èkejì ni tau. Lecanemab jẹ́ abẹ́rẹ́ tí ń lẹ̀ mọ́ amyloid kí ara lè gbá a kúrò. Ó ń gbá a lóòótọ́, àwòrán ọpọlọ sì fi hàn bẹ́ẹ̀. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pátápátá ní oṣù keje ọdún 2023, wọ́n sì fọwọ́ sí èkejì rẹ̀, donanemab, ní oṣù keje ọdún 2024. Èyí tó ṣíwájú wọn, aducanumab, tí wọ́n gbà wọlé ní 2021 pẹ̀lú ariwo ńlá, àwọn tó ṣe é fúnra wọn pa á tì ní 2024.

Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí lecanemab ṣe. Ènìyàn 1,795 ni wọ́n fi ṣe ìdánwò rẹ̀ fún oṣù 18. Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí àìsàn náà ṣe le tó bẹ̀rẹ̀ láti 0, níbi tí kò ti sí ìṣòro kankan, ó sì lọ dé 18, níbi tí gbogbo nǹkan ti bàjẹ́. Àwọn tó gba oògùn fi 1.21 burú sí i. Àwọn tó gba omi tí kò ní oògùn nínú fi 1.66 burú sí i. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.45. Ẹnìkan kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìbéèrè yìí pé oògùn náà dín àìsàn kù ní ìdá 27 nínú ọgọ́rùn-ún, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń bí i nínú. Òótọ́ lòun náà sọ, 0.45 yẹn kan náà ni a pín sí 1.66 tó fi di 27. Ṣùgbọ́n ọmọ tó fẹ́ ta ilẹ̀ ní láti mọ̀ pé àwọn méjèèjì ni wọ́n ń sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀kan kàn falẹ̀ díẹ̀ ju ti èkejì ni. Màmá yín kò ní ti ibẹ̀ bọ̀ kí wọ́n tún máa ka owó ọjà bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ewu rẹ̀ náà wà. Nínú 100 àwọn tó gbà á, nǹkan bí 13 ni àwòrán fi hàn pé ọpọlọ wọn wú. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀ ọ́n lára, àwọn kan sì mọ̀ ọ́n gidigidi. Ewu náà pọ̀ jù lára ẹni tó jogún jíìnì tí wọ́n ń pè ní APOE4 láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá papọ̀, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ Yúróòpù, nígbà tí wọ́n gbà á wọlé ní 2025, fi yọ irú àwọn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ibi tí ọkàn mi kì í ti í balẹ̀ nìyí. Ìwádìí Ìdíkàn náà ló fi hàn pé jíìnì yìí kò ṣọ̀wọ́n láàárín àwa Yorùbá, síbẹ̀ kò fa àrùn náà sí wa lára bó ṣe ń fà á sí àwọn òyìnbó lára. Ara wa ń ṣe ohun mìíràn sí i. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà nínú ìdánwò lecanemab sì kéré jọjọ. Àwọn òbí wa ní Ìdíkàn na apá wọn kí a fa ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n fi ìmọ̀ kún ìmọ̀ ayé, ṣùgbọ́n nígbà tí a wá dán oògùn wò, a kò rí irú wọn nínú àwọn tí a fi dán an wò tó bó ṣe yẹ. Ó ń dùn mí, mi ò sì ní fi pamọ́.

Tìtorí owó: dọ́là 26,500 lọ́dún kan ni iye tí wọ́n kọ́kọ́ dá lé oògùn yẹn nìkan ní Amẹ́ríkà. Ẹ kò tíì ka àwòrán ọpọlọ tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa yà lóòrèkóòrè, tàbí omi ọ̀pá ẹ̀yìn tí wọ́n lè ní láti fà láti rí i dájú pé amyloid wà níbẹ̀, tàbí ilé tí Màmá máa gbé kí wọ́n lè gbà á ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Àwọn tí àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn nìkan ni wọ́n sì ṣe é fún.

Ẹ má tíì ta ilẹ̀ Àkóbọ̀. A kò tíì mọ̀ pé Alzheimer ni.

* * *

Ẹnìkan láti Òkè-Àdó bá mi wí gidigidi lórí èyí, ó ní ọmọ tí ń ka owó lórí ìlera ìyá rẹ̀ kì í ṣe ọmọ. Mo gbọ́. Kí ẹ náwó lé Màmá lórí ni mò ń sọ. Ẹni tí yóò máa bá wọn jókòó lọ́sàn-án, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, jígí ojú tuntun, ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ bí etí bá ti di, gbogbo ìwọ̀nyí ló ń gba owó, wọ́n sì ń ṣe ọpọlọ àgbàlagbà láǹfààní ju bí a ṣe rò lọ.

* * *

Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ jókòó kọ̀wé lónìí nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, àbúrò bàbá mi obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ bàbá mi pè mí. Bàbá mi ti kú nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ṣìnà láti ilé dé mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ti ń kírun láti ìgbà èwe wọn. Gbogbo ẹbí ti gbà pé arán ti dé. Ọmọ wọn kàn mú wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi kí n lè wo ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ni, ó sì gbé ọ̀rá dúdú kan dání tí oògùn wọn wà nínú rẹ̀. Mo da ọ̀rá náà sórí káńtà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà níbẹ̀, ìyẹn dára. Amitriptyline wà níbẹ̀, tí ilé ìwòsàn kan fún wọn nítorí ẹsẹ̀ tó ń ta wọ́n. Oxybutynin wà níbẹ̀, tí ilé ìwòsàn mìíràn fún wọn nítorí ìtọ̀ tí kò ṣeé mú dúró. Lẹ́yìn náà ni mo rí àwọn àpò ìwé kéékèèké tí a ń bu oògùn sí, márùn-ún tàbí mẹ́fà, Piriton ló wà nínú gbogbo wọn. Wọ́n ti ń lò ó lálaalẹ́ nítorí pé ó ń jẹ́ kí wọ́n rí oorun sùn. Ọwọ́ ìkọ̀wé tó wà lára méjì nínú àwọn àpò ìwé náà, ọwọ́ èmi ni.

Inú ọpọlọ wa, èròjà kan wà tó ń jíṣẹ́ láti sẹ́ẹ̀lì kan sí èkejì nígbà tí a bá ń kọ́ nǹkan tàbí tí a bá ń rántí nǹkan. Acetylcholine ni orúkọ rẹ̀. Àrùn Alzheimer máa ń pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe é, nítorí náà ó máa ń ṣọ̀wọ́n. Oògùn mẹ́ta tí mo kà sílẹ̀ yẹn, amitriptyline, oxybutynin àti Piriton, gbogbo wọn ló ń dí ilẹ̀kùn mọ́ èròjà yìí. Ẹ̀yin tó ti rí ẹni tó mu gẹgẹmu, tó ń bá ògiri sọ̀rọ̀, tí kò sì rántí nǹkan kan nígbà tí ojú rẹ̀ dá, ẹ ti rí ibi tí irú ìdínà bẹ́ẹ̀ lè dé nígbà tó bá le jù. Díẹ̀díẹ̀ ni ti Piriton, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ mẹ́ta nínú ara àgbàlagbà tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń falẹ̀ kì í ṣe díẹ̀ mọ́. Phenergan tí wọ́n ń rà fún oorun ń ṣe bákan náà. Valium gba ọ̀nà tirẹ̀ wọlé, ibì kan náà ló sì ń gbé àgbàlagbà dé.

Mo pe dókítà wọn. A dín amitriptyline kù títí a fi yọ ọ́, a dá oxybutynin dúró, mo sì kó Piriton fúnra mi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, wọ́n jókòó sórí àga níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n fi orúkọ mi gan-an pè mí, wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé ẹ ti kun ibojì bàbá rẹ?" Mo wọlé lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo sunkún.

Mi ò ní jẹ́ kí ẹ rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Lẹ́yìn bí ọdún méjì, ìgbàgbé tún dé, díẹ̀díẹ̀ ló wá lọ́tẹ̀ yìí, kò sì sí oògùn kan tí a lè yọ mọ́. Àrùn náà gan-an ló dé. Ṣùgbọ́n ọdún méjì tí a fi mọ ara wa yẹn, kò sí abẹ́rẹ́ kankan lónìí tó lè fún wa nírú rẹ̀, a kò sì san kọ́bọ̀ lé e.

Ẹnìkan láti Ọ̀jọ́ọ̀ ní mo fẹ́ ba Piriton lórúkọ jẹ́, pé bàbá òun ti ń lò ó tipẹ́tipẹ́ tí orí rẹ̀ ṣì pé. Mo dúpẹ́ fún bàbá yẹn. Ọmọdé tó fi Piriton wo ọ̀fìnkìn fún ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ni mò ń bá wí, ẹni tó ti lé ní ọdún 65 tó ń lò ó lálaalẹ́ ni. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n tẹ̀ lé àgbàlagbà 3,434 fún ọdún púpọ̀, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2015: àwọn tó lo irú oògùn wọ̀nyí jù lọ, ewu àrùn ìgbàgbé wọn fi ìdá 54 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí kò lò ó lọ. Ó ṣeé ṣe kí àìróorun sùn jẹ́ àmì àrùn náà tó ti ń bọ̀ lọ́nà, kí ó jẹ́ pé nítorí rẹ̀ ni àwọn kan fi ń lo oògùn. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, hóró tí kò wo àìsàn kan, mi ò nílò ẹ̀rí púpọ̀ kí n tó gbà á lọ́wọ́ ìyá arúgbó.

* * *

Ní ti ìsọyè, ẹgbẹ́ méjì ló ń jà níhìn-ín. Àwọn kan ní ìwà àìlajú ni. Àwọn kan ní ó ń wò ó sàn pátápátá, pé àwọn apòògùn òyìnbó ló ń fi pamọ́. Mi ò sí nínú ẹgbẹ́ kankan.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ẹ̀wà Kàlàbá, tí àwọn Ẹ́fìkì ń pè ní esere. Wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n bá fura sí pé àjẹ́ ni kó jẹ ẹ́. Bó bá kú, wọ́n á ní ó jẹ̀bi. Ní 1864, àwọn ará Jámánì méjì, Jobst àti Hesse, yọ èròjà physostigmine nínú rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ara tètè wó acetylcholine palẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Marta Weinstock-Rosin ní Jerúsálẹ́mù bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ó yí i padà títí ó fi di rivastigmine, tí Amẹ́ríkà gbà wọlé fún Alzheimer ní 2000. Nítorí náà, igbó wa ti bí oògùn ìgbàgbé kan rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye iṣẹ́ tó wà láàárín májèlé tó ń pa ènìyàn àti oògùn tí a lè wọ̀n ní mílígíráàmù.

Àwọn onímọ̀ egbòogi ní Ìbàdàn àti Ifẹ̀ wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí. Wọ́n bi àwọn àgbà léèrè àwọn ewé tí wọ́n ń lò fún ìrántí, wọ́n sì dán wọn wò. Ewé ìyeyè àti akomu wà lára àwọn tí wọ́n rí èròjà nínú wọn tó ń ṣe bíi ti physostigmine nínú ìgò àyẹ̀wò. Inú ìgò ni. Ọ̀nà jìn láti inú ìgò dé ọpọlọ Màmá, ẹ̀wà Kàlàbá sì kọ́ wa pé ohun tó lágbára lè pani. Ginkgo, egbòogi ilẹ̀ òkèèrè tí wọ́n ń polówó rẹ̀ káàkiri fún ìrántí, wọ́n fún àgbàlagbà tó lé ní 3,000 ní Amẹ́ríkà fún ọdún bíi mẹ́fà. Èsì tó jáde ní 2008 ni pé kò dá àrùn ìgbàgbé dúró rárá.

Bí àbúrò yín bá fẹ́ kí àwọn àgbà ṣàdúrà fún Màmá, mi ò lódì sí i. Àgúnmu tí ẹni tó gún un kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún dókítà, mo lódì sí i.

* * *

Ìdáhùn kúkúrú fún ẹni tó béèrè bóyá òun lè ra donepezil, oògùn ìgbàgbé kan, fún bàbá òun láìrí dókítà: rárá. Oògùn tó dára ni, ó ti wà láti 1996, òun àti rivastigmine jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà kan náà ni. Ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́ díẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè mú kí ọkàn máa lù lọ́ra jù, ó lè fa èébì àti ìgbẹ́ gbuuru, ó sì lè mú kí ẹni tó ti gbẹ tẹ́lẹ̀ tún gbẹ sí i. Ẹni tí a bá fún ní donepezil láàárọ̀, tí a tún fún ní Phenergan lálẹ́, agbè tó ti là ní ìdí ni a ń pọn omi sí. Mo ti rí ìwé oògùn kan tí méjèèjì wà lórí rẹ̀.

* * *

Àbúrò mi, ẹ ṣeun tí ẹ padà wá. Ẹ ní ẹ ti tú àpò Màmá, pé oògùn mẹ́jọ lẹ bá níbẹ̀: oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan náà lábẹ́ orúkọ méjì, metformin tí wọ́n ti ń lò fún ọdún 11 nítorí àtọ̀gbẹ, Phenergan, Valium, àti àwọn mìíràn tí ẹ kò mọ̀. Ẹ tún ní ẹ ti fi fóònù pe ẹ̀gbọ́n yín, ó sì dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

Ẹ má dá Valium dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́, tí a bá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lójijì, gìrì lè gbé e. Dókítà ni yóò dín in kù. Ti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó di méjì kò gbọdọ̀ di ọ̀la: lónìí ni kí ẹ pe dókítà tó kọ ọ́, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tó lọ sílẹ̀ jù ń da orí àgbàlagbà rú, ó sì lè ṣubú. Ti metformin, kò burú, ṣùgbọ́n bó bá pẹ́ lára, ó máa ń dín fítámì B12 kù, àìtó B12 náà sì ń fa ìgbàgbé tí abẹ́rẹ́ olówó pọ́ọ́kú lè tún ṣe. Ẹ ní kí wọ́n yẹ B12 wò, kí wọ́n yẹ táírọ́ìdì wò, kí wọ́n sì béèrè bóyá Màmá ti ṣubú fi orí gbá nǹkan rí. Ní UCH, ilé ìtọ́jú àgbàlagbà wà níbẹ̀ láti 2012, irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń ṣe.

Ẹ gbé àpò náà lọ bó ṣe wà, ẹ má tò ó, ẹ má sì jù nǹkan kan nù kí dókítà tó rí i. Ẹ jẹ́ kí àbúrò yín bá yín lọ, kí ẹ̀gbọ́n yín wà lórí fóònù. Ẹ mú ìwé kan dání, kí ẹ máa kọ ọjọ́ tí wọ́n bá yọ oògùn kọ̀ọ̀kan àti ohun tí Màmá sọ lọ́jọ́ náà. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ wá kà á fún wa níbí.